Ọkùnrin Tó Wà Lára Ògiri Odi

Agbẹ̀bí ni obìnrin náà kó tó fẹ̀yìn tì. Ọmọ tó tọwọ́ rẹ̀ wá sáyé pọ̀ débi pé bó bá ń lọ lójú pópó, géńdé onírùngbọ̀n á máa kí i ní "Ìyá wa", kò sì ní mọ ẹni tí wọ́n jẹ́. "Nọ́ọ̀sì" ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, òun nìkan ló kù fún un nínú àwọn tí wọ́n jọ dàgbà, Nọ́ọ̀sì náà lòun náà ń pè é.

Onígbàjámọ̀ ni ẹ̀gbọ́n yìí. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà létí títì: àga kan tó ń yí, díńgí ńlá kan tí igun rẹ̀ ti là, àti bẹ́ǹṣì fún àwọn tó bá ń dúró. Bó ṣe ń fá orí oníbàárà ló ń fá tirẹ̀ náà. Kì í jẹ́ kí irun hù lórí ara rẹ̀. Àwọn èèyàn rò pé àṣà iṣẹ́ ni, pé ẹni tó ń ta ọṣẹ kò yẹ kó dọ̀tí. Nọ́ọ̀sì nìkan ló mọ ìdí ọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni irun funfun kan ti wà níwájú orí rẹ̀, bí ìgbà téèyàn fi àtàǹpàkò kan ẹfun tó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lórí. Ọ̀dọ̀ bàbá wọn ló ti jogún rẹ̀. Ohun tó bá sì ti jẹ́ ti bàbá wọn, wọn kì í fẹ́ rí i nínú ilé yẹn.

Gbẹ́nàgbẹ́nà ni bàbá wọn. Èbúté ló ti ń ṣiṣẹ́, láyé ìgbà tí àwọn òyìnbó amúnisìn ṣì ń ṣèjọba. Ó jáde nílé láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní òun ń lọ síbi iṣẹ́, kò sì padà wá mọ́. Ìyá wọn wá a títí bàtà fi jẹ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Akọ̀wé kan ní èbúté ló sọ fún un níkẹyìn pé kó yéé da òun láàmú, pé ọkọ rẹ̀ ti bá ọkọ̀ ojú omi lọ sí òkè òkun. Àwọn ará àdúgbò bu iyọ̀ sí i: wọ́n ní obìnrin kan ló bá lọ. Ìyá gbà á gbọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá ti dun èèyàn tó, kì í pẹ́ kó tó di òótọ́ lọ́kàn ẹni. Ó kó ayùn àti òòlù ọkọ rẹ̀ síta fún ẹni tó bá fẹ́, ó sì sọ àwọn ọmọ ní orúkọ bàbá tirẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, àbúrò ọkọ rẹ̀ wá kanlẹ̀kùn, ó ní òun fẹ́ máa rí àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n òun. Ẹ̀gbọ́n Nọ́ọ̀sì ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó wo ọkùnrin náà láti òkè délẹ̀, tó ní, "A ò ní bàbá. Ibo la ti máa rí àbúrò bàbá?" Ọkùnrin náà yí padà, wọn ò sì rí i mọ́. Ìyá wọn fi ìbínú yẹn dàgbà, ó fi í darúgbó, ó sì gbé e kú. Nọ́ọ̀sì ló di ọwọ́ rẹ̀ mú lọ́jọ́ tó ń lọ. Ohun tó sọ kẹ́yìn tí ẹnu rẹ̀ ṣì já gaara ni pé, "Bí ọkùnrin yẹn bá dé, ẹ má fi ibojì mi hàn án."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn, títí di ìgbà tí ẹgbẹ́ àwọn agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì ṣètò àtilọ wo Odi.

Odi ni gbogbo ìlú ń pe ilé olókùúta ńlá tí àwọn amúnisìn kọ́ sétí òkun, tí àwọn ìbọn àgbá ṣì tò sórí rẹ̀, tí wọ́n kọ ẹnu sójú omi. Ó ti jẹ́ ibùdó ọmọ ogun rí, ó ti jẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n, ó ti jẹ́ ilé àdán. Nígbà tó yá ni ìjọba tún un ṣe, tí wọ́n sì kọ́ ilé ìgbàlejò tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnubodè rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ò kọ́kọ́ fẹ́ lọ. Ó ní orúnkún ń dun òun.

"Orúnkún ló ń dùn ọ́, kì í ṣe ìdí," ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Aláwàdà wí. "Ìdí la sì fi ń jókòó nínú bọ́ọ̀sì."

Ni Nọ́ọ̀sì bá lọ.

Ilé ìgbàlejò náà tutù bíi inú fìríìjì. Ọ̀dà tuntun ṣì ń rùn lára ògiri rẹ̀. Bí wọ́n ṣe wọlé ni wọ́n rí ibi tí wọ́n ti ń ta ife àti fìlà tí wọ́n ya àwòrán Odi sí. Ọmọbìnrin kan tó fi káàdì orúkọ kọ́rùn kí wọn káàbọ̀, ó ní òun lòun máa mú wọn káàkiri. Ó fi Odi kékeré kan tí wọ́n fi igi gbẹ́ hàn wọ́n nínú gíláàsì, ó fi aṣọ àwọn ọmọ ogun hàn wọ́n, ó fi àwo oúnjẹ gómìnà òyìnbó hàn wọ́n, àti ibùsùn tó ń sùn sí. Aláwàdà tẹ̀ síwájú, ó wo ibùsùn náà dáadáa.

"Ẹsẹ̀ á yọ síta níbí o," ló wí. "Àbájọ tí inú fi ń bí wọn sí wa. Wọn ò sùn dáadáa."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, ọmọbìnrin náà sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ṣì wà lẹ́nu Nọ́ọ̀sì nígbà tí wọ́n wọ yàrá tó kẹ́yìn.

Fọ́tò ló wà níbẹ̀, àwọn fọ́tò dúdú-àti-funfun tí wọ́n fẹ̀ títí tí wọ́n fi tó ilẹ̀kùn, tí wọ́n gbé kọ́ sára ògiri lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ ojú omi wà nínú òmíràn, ọjà wà nínú òmíràn. Nínú èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, àwọn ọkùnrin kan tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ nínú àgbàlá Odi, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ wọn, wọ́n gbé òòlù ìfọ́kùúta lọ́wọ́. Ẹni kejì láti ìgbẹ̀yìn ò wo ilẹ̀ bíi tàwọn yòókù. Ẹni tó ń ya fọ́tò ló ń wò. Irun funfun kan wà níwájú orí rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì dúró. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọjá lọ lẹ́yìn rẹ̀, kò mọ̀. Ó ti gba ọmọ tí kò ké rí, ó ti rí ìyá tó dákẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, kò sígbà tó gbàgbé ohun tó ń ṣe lẹ́nu iṣẹ́. Àmọ́ lọ́jọ́ náà, ó gbàgbé àwọn tó bá wá. Ó wo imú, ó wo èjìká tí ọ̀kan ga ju èkejì lọ díẹ̀ bíi ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gẹ́lẹ́, ó tún wo irun náà. Ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀: "Àwọn ẹlẹ́wọ̀n lẹ́nu iṣẹ́. Kò sí àkọsílẹ̀ orúkọ wọn." Wọ́n kọ ọdún tí wọ́n yà á síbẹ̀. Ọdún tí bàbá wọn jáde nílé ni.

Ó pe ọmọbìnrin náà. "Ọmọ mi, ta làwọn wọ̀nyí?"

"Àwọn òṣìṣẹ́ èbúté ni púpọ̀ nínú wọn, Màmá. Wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀, ìjọba ìgbà yẹn bá kó wọn."

"Ìgbà tí wọ́n wá tú wọn sílẹ̀ ńkọ́?"

Ọmọbìnrin náà dẹ ohùn. "Wọ́n ní ìgbẹ́ ọ̀rìn ló wọ inú ọgbà ẹ̀wọ̀n lọ́dún yẹn. Wọ́n ní àwọn tó jáde ò pọ̀."

"Ibo ni wọ́n sin àwọn tó kú sí?"

Ọmọbìnrin náà nawọ́ sí fèrèsé. Ilẹ̀ gbalasa kan wà níta tí wọ́n da ọ̀dà títì sí, tí wọ́n fi ọ̀dà funfun fa ìlà sí. Bọ́ọ̀sì tó gbé wọn wá wà níbẹ̀, awakọ̀ na ẹsẹ̀ sórí sítíárì, ó ń sùn.

"Wọ́n ní abẹ́ ibẹ̀ ni, Màmá. A ò rí nǹkan kan tó tọ́ka sí i. Ohun táwọn àgbà sọ fún wa ni."

Ọwọ́ Nọ́ọ̀sì wọ inú báàgì, ó yọ fóònù rẹ̀ jáde. Kó tó gbé e sókè, ẹ̀ṣọ́ tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kò pariwo mọ́ ọn. Ó kàn fi ọwọ́ bo ojú fóònù náà jẹ́ẹ́jẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, a kì í ya àwọn fọ́tò yàrá yìí. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ yẹn."

"Bàbá mi ni."

Ẹ̀ṣọ́ náà rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ọgbọ́n. "Bàbá gbogbo wa ni wọ́n, Màmá," ló wí, ó sì padà síbi tó dúró sí.

Nínú bọ́ọ̀sì, Aláwàdà wá àwàdà títí, nígbà tó rí i pé òun nìkan lòun ń rẹ́rìn-ín, ó yíjú sí fèrèsé. Bí ọkọ̀ ṣe ń yí po lórí ilẹ̀ gbalasa yẹn kó tó bọ́ sí títì, Nọ́ọ̀sì gbé ẹsẹ̀ méjèèjì kúrò nílẹ̀ ọkọ̀, kò sì sọ wọ́n kalẹ̀ títí wọ́n fi jáde ní ẹnubodè.

Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló gbà lọ tààrà. Oníbàárà wà lórí àga, Nọ́ọ̀sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ní òun á dúró. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò ó nínú díńgí, ó rí ojú rẹ̀, ó yára parí iṣẹ́. Nígbà tí oníbàárà jáde, ó ti ilẹ̀kùn.

"Ta ló kú?" ló bi í.

"Bàbá wa," ni Nọ́ọ̀sì wí. "Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti kú, ẹ̀gbọ́n mi. Wọn ò bá ọkọ̀ kankan lọ. Inú Odi ni wọ́n kú sí."

Ó ròyìn fún un látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró, abẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí Nọ́ọ̀sì débi irun funfun, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó sórí àga àwọn oníbàárà. Nọ́ọ̀sì ò rí i kó jókòó síbẹ̀ rí.

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú. Ojú yín lójú wọn. Èjìká yín ni."

"Ọdún wo ni wọ́n kọ sí i?"

Ó sọ ọ́ fún un. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń nu abẹ náà, ó ń nù ún lọ ó ń nù ún bọ̀, kò sí nǹkan kan lára rẹ̀ mọ́.

"Ibi tá à ń gbé nígbà yẹn," ló wí, "èèyàn lè dúró lẹ́nu ọ̀nà kó máa wo Odi. Mo máa ń gbá bọ́ọ̀lù kọjá lábẹ́ ògiri rẹ̀."

Nọ́ọ̀sì gba abẹ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Irọ́ ni Màmá wa gbé sùn," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Ọkùnrin tó kanlẹ̀kùn yẹn ńkọ́? Mo lé e."

"Ọmọdé ni yín."

"Ọmọdé náà ló lé e." Ó dìde, ó lọ dúró síwájú díńgí. "Mo fẹ́ fi ojú mi rí i. Mo fẹ́ dúró tì í."

Ọjọ́ kejì ló yẹ kí wọ́n lọ, àmọ́ ibà gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dè lóru yẹn gan-an. Ara àgbà kì í tètè yá, ó ṣe díẹ̀ kó tó lè rìn. Nọ́ọ̀sì ń gbé oúnjẹ lọ fún un, ó ń fún un ní oògùn, ó sì ń rí ohun tí kò rí rí: irun ń hù lórí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò fá a. Ó ní òun fẹ́ kó hù tó, kí wọ́n lè fi wé ti inú fọ́tò. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni Nọ́ọ̀sì bá a lórí ibùsùn pẹ̀lú díńgí kékeré lọ́wọ́. Irun náà ti hù dáadáa. Gbogbo orí rẹ̀ ló funfun báláú, láti iwájú dé ìpàkọ́.

"Wò ó," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí, "ọjọ́ orí ti bò ó mọ́lẹ̀. Mi ò lè fi ibi tó wà han ẹnikẹ́ni mọ́." Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò dùn ún gbọ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n lọ, ó wọ aṣọ tó dára jù nínú aṣọ rẹ̀, ó sì nu bàtà rẹ̀ títí ó fi ń dán. Ó di apá Nọ́ọ̀sì mú láti ẹnubodè. Wọ́n kọjá níbi tí wọ́n ti ń ta ife, wọ́n kọjá níwájú ibùsùn gómìnà, kò wo ọ̀kankan nínú wọn. Wọ́n dé yàrá tó kẹ́yìn.

Òfìfo ni ògiri náà. Àwọn ọkùnrin méjì kan tí wọ́n wọ aṣọ iṣẹ́ ń kùn ún ní ọ̀dà. Ẹ̀rọ tẹlifíṣọ̀n gbàràmù-gbaramu kan sinmi lé ibi tí fọ́tò ọkọ̀ ojú omi wà tẹ́lẹ̀, ike tí wọ́n fi wé e ò tíì kúrò lára rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì sáré wá ọ̀gá ibẹ̀, ó gbàgbé orúnkún. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan ni, ó fún wọn ní àga, ó ní kí wọ́n gbé omi wá.

"Àyálò làwọn fọ́tò yẹn, Màmá," ló wí. "Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan lókè òkun ló ni wọ́n. Àsìkò tí wọ́n yá wa ti pé. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n wá kó wọn."

"Ṣé ẹ ò ní ẹ̀dà rẹ̀ ni?" ni Nọ́ọ̀sì bi í.

"Wọn ò gbà ká ṣe ẹ̀dà."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá yíjú sí ọmọbìnrin tó ń mú àlejò káàkiri, tó gbé omi wá fún wọn.

"Ìyá mi, ojoojúmọ́ lò ń dúró nídìí fọ́tò yẹn," ló wí. "Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ní irun funfun níwájú orí. Ìwọ rí i, àbí?"

Ọmọbìnrin náà wo Nọ́ọ̀sì, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Èèyàn lè rí i lójú rẹ̀ pé ó wù ú kó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Bàbá, kí n má parọ́ fún yín," ló wí. "Mi ò kíyè sí i."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mi orí. Ó dìde, ó padà lọ sí yàrá náà, ó ní kí Nọ́ọ̀sì fi ibi tí fọ́tò náà wà hàn òun. Nọ́ọ̀sì fi hàn án. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri náà. Ọ̀dà ò tíì gbẹ, ó sì lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń kùn ún ṣe bí ẹni tó fẹ́ bá a wí, èkejì rẹ̀ fà á láṣọ. Wọ́n dúró títí onígbàjámọ̀ náà fi yọwọ́, wọ́n wá kun ojú ibẹ̀ padà.

Níta, ó ní òun fẹ́ rí ibi tí wọ́n sin wọ́n sí. Wọ́n rìn lọ sórí ilẹ̀ ọlọ́dà yẹn, láàárín àwọn ìlà funfun. Wọn ò tíì dúró tán tí bọ́ọ̀sì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan fi yà wọlé, tí awakọ̀ ń fun fèrè sí wọn kí wọ́n kúrò lójú ọ̀nà. Wọ́n kúrò. Bọ́ọ̀sì náà dúró síbi tí wọ́n dúró sí.

"Nọ́ọ̀sì," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú," ló wí. Àmọ́ òun fúnra rẹ̀ gbọ́ ọ nínú ohùn ara rẹ̀ pé kò rí bíi ti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ọmọ Nọ́ọ̀sì bá a kọ̀wé sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà lókè òkun. Wọ́n fèsì, wọ́n sì fèsì pẹ̀lú ọ̀wọ̀: fọ́tò àwọn ẹlẹ́wọ̀n láti irú ilé odi bẹ́ẹ̀ kún ọwọ́ àwọn, bí kò bá sí nọ́ńbà fọ́tò, àwọn ò lè mọ èyí tí wọ́n ń wá. Ọ̀gá Odi ní òun ti dá àwọn ìwé tó bá fọ́tò wá padà pẹ̀lú wọn. Nọ́ọ̀sì lọ bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó rántí ọkùnrin kankan. Aláwàdà nìkan ló sọ nǹkan, kò sì fi ṣe àwàdà.

"Mo rí ọ bó o ṣe dúró níbẹ̀," ló wí. "Mi ò wo fọ́tò náà. Ìwọ ni mò ń wò. Mo rò pé ara ò yá ọ ni."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́. Orí rẹ̀ tún ń dán bíi tàtẹ̀yìnwá. Kò bá Nọ́ọ̀sì jà, kò sì pe ọ̀rọ̀ náà ní irọ́. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ti kúrò láàárín wọn. Ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ò jẹ́ kí oníbàárà wá ni ó sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ sì wà níta.

"Ó sàn fún mi nígbà tí mo kórìíra rẹ̀," ló wí. "Mo mọ ibi tí mo dúró sí nígbà yẹn. Ní báyìí, mi ò lè kórìíra rẹ̀ mọ́, mi ò sì lè sunkún rẹ̀. Bó bá jẹ́ òun ni, mo ti fi gbogbo ayé mi bínú sí ẹni tí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n so. Bí kì í bá ṣe òun, ẹkún ta ni màá wá máa sun?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, òun ni."

"O ti sọ bẹ́ẹ̀."

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ìyẹn gan-an ló dun Nọ́ọ̀sì jù.

Ó lọ sí ibojì ìyá wọn lẹ́yìn ìgbà yẹn. Ó ti to ọ̀rọ̀ náà lọ́kàn láti ilé: bó ṣe máa bẹ̀rẹ̀, ibi tó ti máa sinmi. Nígbà tó débẹ̀, ó tu koríko, ó gbá ewé gbígbẹ kúrò lórí sìmẹ́ǹtì, ó wá dúró. Kí ló fẹ́ sọ fún ẹni tí kò lè yí ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn padà mọ́? Ó dúró títí ẹsẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ó palẹ̀ mọ́, ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà padà sílé.

Ní báyìí, bó bá di ojú láti rántí ọkùnrin tó wà lára ògiri, ó ń rí àgbàlá náà, ó ń rí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, ó ń rí òòlù. Bó bá sì kan ojú rẹ̀, ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń rí, bó ṣe rí lórí bẹ́ẹ̀dì lọ́jọ́ yẹn pẹ̀lú gbogbo orí funfun. Ó ti gbìyànjú títí. Kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́. Ó ṣì ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù náà lọ́sàn-án, á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, àwọn méjèèjì á sì máa sọ̀rọ̀ òjò, ọ̀rọ̀ oníbàárà, ọ̀rọ̀ abẹ tí kò mú dáadáa.